Ìbọn ẹlẹ́nu méjì àtijọ́: ọ̀pá kan tẹ̀, èkejì wú

Ọdẹ kan ní agbègbè Òmù-Àrán ló ni ìbọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Bàbá rẹ̀ ló ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ẹnu méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, òòlù rẹ̀ méjèèjì, irin tí ọdẹ máa ń fà sẹ́yìn kó tó yìn, wà lóde, igi ìdí rẹ̀ sì ti dúdú nítorí òróró ọwọ́ àti èéfín ilé. Ohun tí ọdẹ náà, ẹ̀gbọ́n wa, tìtorí rẹ̀ gbé e wá ni ọ̀pá apá ọ̀tún tó tẹ̀ wọnú. Ìgbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò tán la tó rí i pé ọ̀pá apá òsì ti wú, ìyẹn sì léwu ju ti ọ̀tún lọ fíìfíì. Mo fẹ́ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní kíkún, torí mo ti rí ìbọn tí wọ́n fi iná àti òòlù bà jẹ́ lórúkọ àtúnṣe, kò sì sídìí tó fi yẹ kó máa rí bẹ́ẹ̀.

Tọ́nà ni mí ní Ìlọrin. Orí léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè gé e, ni mo ti ń jẹun: ṣáàfù, búùṣì, púlì ẹ̀rọ ìlọta, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ń tún ìbọn ṣe. Bàbá kan tí ìjọba fún láṣẹ ló ń ṣe é, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìbọn náà wà láti ọjọ́ tó dé títí tó fi lọ. Òun ló pè mí pé kí n wá bá òun wọn inú ọ̀pá náà, kí n sì tọ́ọ̀nù irin tí òun máa fi gbé ibi tó tẹ̀ sókè. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1959, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó máa tún ìbọn ṣe bó ṣe wù ú. Ẹ̀gbọ́n tó ni ìbọn pàápàá ti gba ìwé àṣẹ lórúkọ ara rẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, torí ìwé olóògbé kì í ṣe ogún. Bàbá alátùn-únṣe ka nọ́ńbà ara ìbọn síta, ó fi wé ti inú ìwé, kó tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí àmì ara rẹ̀ sọ

Ẹni tó bá fẹ́ tún irú ìbọn yìí ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ọ̀pá kúrò lára ìdí, kó yí i padà, kó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Lára tiwa, lẹ́tà ELG wà nínú òbìrí, adé sì wà lórí òbìrí náà. Àmì ilé ìdánwò ìbọn ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù nìyẹn, ilé tó ti wà láti 1672. Láti 1893 ni wọ́n ti ń fi adé sórí àmì náà, nítorí náà ìbọn yìí kò lè ṣáájú ọdún yẹn. Ká ní Birmingham ni wọ́n ti ṣe é ni, àmì tibẹ̀ la bá rí. Ilé ìdánwò tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 1813.

Nọ́ńbà kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì yẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí: 18.4. Ìwọ̀n inú ọ̀pá ní mìlímítà lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò nìyẹn. Nọ́ńbà yìí ṣe mí láǹfààní ju ohunkóhun lọ nínú iṣẹ́ náà, torí ó jẹ́ kí n mọ iye irin tí ìlò, ìpẹtà àti ọwọ́ alátùn-únṣe ti jẹ lọ láti ìgbà náà. Bí a bá wọn inú ọ̀pá lónìí tí a bá 18.5, ó dára. Bí a bá 18.9, ẹnìkan ti fi sáńpépà lọ inú rẹ̀ láti pa ìpẹtà rẹ́, ara ọ̀pá sì ti fúyẹ́ láìjẹ́ pé ojú rí i.

A kò rí àmì kankan tó fi hàn pé wọ́n fi ètù aláìléèéfín dán an wò. Ètù dúdú ni wọ́n ṣe é fún. A óò padà sórí èyí.

Ìbẹ̀rù mi ni pé kó má lọ jẹ́ ọ̀pá Damásíkù, èyí tí wọ́n máa ń fi ọ̀já irin tẹ́ẹ́rẹ́ wé mọ́ igi irin, tí wọ́n á wá fi iná àti òòlù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bàbá fi sáńpépà pa ojú kékeré kan níbi tí igi iwájú máa ń bò, ó kán ásíìdì díẹ̀ sí i. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ìbá yọ ìlà wínníwínní. Tiwa kò yọ nǹkan kan. Irin kan ṣoṣo ni.

Wíwò inú ọ̀pá

A fi kẹrosíìnì àti àkísà nu inú ọ̀pá méjèèjì títí tó fi ń dán. Bàbá gbé ọ̀tún kọjú sí ojú fèrèsé, ó di ojú kan, ó wò ó, ó sì gbé e fún mi.

Bí inú ọ̀pá bá tọ́, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji á máa yí ká ní òrùka-òrùka, wọ́n á máa kéré sí i títí dé ẹnu lọ́hùn-ún. Ẹ máa yí ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń wò ó. Níbi tó bá tẹ̀, òrùka á já lápá kan, apá kejì á dúró bó ṣe wà. Bí ẹ bá yí ọ̀pá, ibi tó já yẹn á bá a yí. Bó ṣe rí lápá ọ̀tún nìyẹn, nǹkan bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta láti ìdí lọ sí ẹnu. Ọ̀kadà ló gbé ìbọn náà nígbà tí okùn tú, ó sì já bọ́ lé òkúta. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ara ọ̀pá ti máa ń tín-ín-rín jù. Ìdí ọ̀pá nípọn torí ibẹ̀ ni ètù ti ń jó, irin á sì máa fúyẹ́ sí i bó ṣe ń lọ síwájú, kó má bàa wúwo lọ́wọ́ ọdẹ.

Lẹ́yìn náà bàbá gbé ọ̀pá òsì. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó yí i, ó tún yí i, ó wá ní, "Wò ó, má wo ti ìhín yìí, wo iwájú, súnmọ́ ẹnu."

Mo rí i. Ìlà dúdú kan yí gbogbo inú ọ̀pá po ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí ẹnu, kò já níbì kankan. Bí mo ṣe ń yí ọ̀pá, ìlà yẹn dúró síbi tó wà. Ibi tó wú nìyẹn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo fi ìka fa ara rẹ̀ lóde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tó ga níbẹ̀. Bàbá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sábẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó fi èékánná fà á, ó ní kí n wo ìlà tín-ín-tín tó dábùú ara irin. Fáìlì ni. Ẹnìkan ti fi fáìlì fá ibi tó wú náà lóde kó lè bá ìyókù dọ́gba, ó sì tún kùn ún dúdú lé e.

Ọ̀pá kì í wú lásán. Nǹkan ló dí ẹnu rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìn ín. Lágbègbè wa, agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ló máa ń fa èyí jù: ìbọn tó bá pẹ́ lára ògiri láìsí ẹni tó kàn án, agbọ́n á wọ ẹnu rẹ̀, á mọ ilé rẹ̀ síbẹ̀, ọdẹ kò sì ní rí i lókùnkùn. Èkejì ni àkísà. Ọdẹ á ki àkísà bọ ẹnu ìbọn lásìkò òjò kí omi má bàa wọ ibẹ̀, á sì gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ẹran bá yọ lójijì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń tì ọta bọ̀ á dé ibẹ̀, á rí ìdíwọ́, á sì na irin yíká.

Ìdí tí a kò fi gbé e dé iná

Kó tó dé ọ̀dọ̀ bàbá, ẹ̀gbọ́n náà ti gbé ìbọn lọ fún ẹnìkan tó ní kí wọ́n jẹ́ kí ibi tó tẹ̀ pọ́n nínú iná, kí wọ́n wá fi irin gbá a jáde láti inú. Ọlọ́run ló kó o yọ tí kò gbà.

Ọ̀pá méjì inú irú ìbọn yìí kì í ṣe irin kan. Ọ̀pá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, idẹ ni wọ́n fi jó wọn pọ̀ níbi ìdí. Láti ibẹ̀ lọ dé ẹnu, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè láàárín wọn, òmíràn wà nísàlẹ̀, òjé àti tánganran tí wọ́n yọ́ pọ̀ ló lẹ̀ wọ́n mọ́ ọ̀pá. Àdàpọ̀ òjé àti tánganran tó wọ́pọ̀ jù máa ń yọ́ ní 183°C. Irin tó pọ́n ti kọjá 700°C. Kí ibi tó tẹ̀ tó pọ́n, irin àárín á ti ṣí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀pá méjèèjì á sì ti yà kúrò lójú ọ̀nà tí ẹni tó ṣe wọ́n tò wọ́n sí. Ọ̀pá tó tẹ̀ díẹ̀ tí kò ju ọmọ ìka lọ, wọ́n á ti fi iná sọ gbogbo ìbọn di ohun tí kò wúlò mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wẹ́dà: ara irin tó tín-ín-rín báyẹn á lọ́ lójú ẹsẹ̀, líle rẹ̀ á sì yí padà.

Bàbá fi okùn so ìkọ́ abẹ́ ìdí ọ̀pá rọ̀, ó fi ìka gbá a kó lè mọ̀ bóyá irin àárín ṣì lẹ̀. Ọ̀pá tí irin àárín rẹ̀ wà dáadáa máa ń dún gbooro bí agogo. Tiwa dún kọ̀, ó sì dákẹ́. Ìṣubú tó tẹ ọ̀pá ọ̀tún ti ṣí irin àárín lápá kan.

Ìwọ̀n

Mo fi ohun ìwọ̀n inú ihò tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ ẹ́ńjìnì wọn ọ̀pá méjèèjì láti ìdí dé ẹnu, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀. Ọ̀tún jẹ́ 18.5 yàtọ̀ sí ibi tó tẹ̀ níbi tí ó ti wọlé tó nǹkan bíi 0.6. Òsì náà jẹ́ 18.5, àfi ibi ìlà dúdú yẹn tó fò sí 19.1.

Èyí tó kàn ni bí ara ọ̀pá ṣe nípọn tó. Fẹ́níà, ohun ìwọ̀n tó ń gbá nǹkan mú láàárín ẹnu méjì, kò lè dé ibẹ̀. Mo tẹ irin gígùn kan ní ìtẹ̀ U, mo so díálì mọ́ ẹnu kan, ẹnu kejì wọ inú ọ̀pá, mo sì fi irin tí mo mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán an wò ṣáájú. Ọ̀tún jẹ́ 0.75 mìlímítà lẹ́bàá ibi tó tẹ̀. Òsì jẹ́ 0.7 ní iwájú àti ní ẹ̀yìn ibi tó wú. Níbi tó wú gan-an, 0.4 ni.

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Inú ọ̀pá fẹ̀ láti 18.5 sí 19.1, ìyẹn ni pé ara irin sún síta ní 0.3 lápá kọ̀ọ̀kan. Fáìlì fá 0.3 yẹn kúrò lóde kó lè dọ́gba, ó sì ku 0.4. Àwọn oníṣẹ́ ìbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fọkàn tán ọ̀pá tí ara rẹ̀ bá ti dín ní ìdá ogún nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì, èyí tó tó 0.5 mìlímítà. Tiwa ti kọjá ààlà yẹn, orí irin tí wọ́n ti nà lẹ́ẹ̀kan rí sì ni. Ká ní wọ́n fi ibi tó wú sílẹ̀ bó ṣe wà, ìbá burẹ́wà, ṣùgbọ́n irin ìbá ṣẹ́kù níbẹ̀. Ìbínú bàbá sí ẹni tó lo fáìlì yẹn kò kéré, èmi náà sì bínú.

Gbígbé ọ̀tún sókè

Ibi tó tẹ̀ ṣeé gbé sókè torí irin kò lọ síbì kankan: ó kàn wọlé ni, ó sì lè jáde. Mo gé ṣáàfù ọkọ̀ àtijọ́ kan, mo gbé e sórí léètì, mo tọ́ọ̀nù kókó irin tí a máa fi gbé ibi tó tẹ̀ sókè, ó sì gùn ju ibẹ̀ lọ dáadáa. Iwájú rẹ̀ kéré, 17.8, ó sì ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé 18.48 lẹ́yìn. Mo fi sáńpépà wẹ́wẹ́ àti ọ́ìlì pa á títí tí èékánná kò fi rí nǹkan kan kọ́ lára rẹ̀, torí ojú tó bá wà lára rẹ̀ á ha inú ọ̀pá. Mo de ọ̀pá gígùn mọ́ ọn lẹ́yìn kí a lè tì í kí a sì lè fà á.

Òòlù tí bàbá lò, idẹ ni orí rẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́. Idẹ rọ̀ ju irin ọ̀pá lọ, kò ní sàmì sí i lára. Ó sọ fún mi pé Òbò-Ayégúnlẹ̀ ni wọ́n ti bá òun dà á, ìlú tí iṣẹ́ idẹ ti pẹ́.

Ó fi gíríìsì kun kókó irin náà, ó tì í wọlé láti ìdí títí tó fi kan ibi tó tẹ̀, ó dá a dúró níbẹ̀. Kò fi agbára tì í. Ẹni tó bá fi òòlù lu ọ̀pá ẹ̀yìn kí kókó irin lè kọjá tipátipá á na irin ju bó ṣe yẹ lọ, ibi tó tẹ̀ á sì di ibi tó wú. Nígbà tó ti le dáadáa lábẹ́ ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù idẹ kan ara ọ̀pá lóde, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò lu àárín ibi tó tẹ̀. Etí rẹ̀ yíká ló ń kàn, níbi tí irin ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Bí etí yẹn ṣe ń tú, àárín ń gòkè fúnra rẹ̀ bọ́ sórí kókó irin. Lẹ́yìn náà ó tì í síwájú bí ìbú èékánná, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ lé ọ̀pá ẹ̀yìn nígbà tí òòlù ń kàn, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára: ó máa ń gbọ̀n líle nígbà tí irin kò tíì jókòó, ó sì máa ń rọ̀ nígbà tó bá ti jókòó. Bàbá gbà mí láyè láti di í mú, mo sì mọ ìgbà tí ó tó láìjẹ́ pé ó sọ fún mi.

Nígbà tí ẹ̀yìn kókó irin, tó jẹ́ 18.48, kọjá láìdúró, ó yọ ọ́, ó fi epo wẹ inú ọ̀pá, ó gbé e sí fèrèsé. Òrùka òjìji pé padà. Ìwọ̀n mi bá 18.5 láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ara rẹ̀ lóde ní àmì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí sáńpépà tó lọ́ mọ́ igi pẹlẹbẹ pa rẹ́.

Irin àárín gba iṣẹ́ tirẹ̀. Bàbá rọra ṣí apá tó ti yà, ó fi páànù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yọ ìpẹtà àti ọ̀rá tó ti wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi òjé tuntun pa ojú méjèèjì, ó fi wáyà dè é, ó sì fi àkísà tútù wé ìyókù ọ̀pá kí ooru má bàa tú ibi tó ṣì dára. Ooru tó kéré jù tí òjé máa yọ́ ló lò. Lẹ́yìn náà ó fọ omi ìjó òjé kúrò dáadáa pẹ̀lú omi gbígbóná, torí ásíìdì inú rẹ̀ á máa jẹ irin lábẹ́lẹ̀ bó bá kù síbẹ̀. Nígbà tó tún so ọ̀pá rọ̀ tó sì gbá a, ó dún gbooro.

Ọ̀rọ̀ apá òsì

Ẹ̀gbọ́n tó ni ìbọn wá lọ́jọ́ tí a pè é. Inú rẹ̀ dùn sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òsì kò yé e.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kò lè fi páìpù rọ́pò rẹ̀? Ẹ̀yin àti tọ́nà lẹ wà níbí."

Bàbá ní, "Ọmọ mi, páìpù omi tí wọ́n jó lójú ìsopọ̀ kò lè gbé kàtíríìjì. Ojú ìsopọ̀ yẹn ló máa là, ọwọ́ òsì rẹ ló sì máa wà lábẹ́ rẹ̀."

Ọ̀nà tó tọ́ wà fún rírọ́pò ọ̀pá, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Àwọn oníṣẹ́ ìbọn òkè òkun máa ń gé ọ̀pá méjèèjì ní ìwọ̀n ínǹṣì díẹ̀ sí ìdí, kí wọ́n wá ki ọ̀pá irin tuntun bọ inú ìdí àtijọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ìbọn gbọ́dọ̀ padà sí ilé ìdánwò kí wọ́n yìn ín pẹ̀lú kàtíríìjì tó le ju ti ojoojúmọ́, kí wọ́n sì tẹ àmì tuntun lé e. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dúró lọ́dọ̀ wa. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ fọwọ́ sí ètò ìdánwò ìbọn tí wọ́n ń pè ní CIP. Èmi lè tọ́ọ̀nù ọ̀pá irin tó dán tó sì tọ́, ṣùgbọ́n n kò ní ibi tí mo ti lè fi hàn pé kò ní bú. Ọ̀pá tí kò sẹ́ni tó dán an wò kò yẹ kó wà níwájú ojú ènìyàn. Gígé ẹnu méjèèjì kúrú kí ibi tó wú lè bá a lọ, a kò tilẹ̀ jíròrò rẹ̀: ibi tí ẹnu ọ̀pá ti fún kí ọta má bàa fọ́n ká á bá a lọ, irin àárín á ṣí, ẹni tó bá sì gbé ìbọn kúkúrú kọjá níwájú ọlọ́pàá á ní àlàyé púpọ̀ ṣe.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n náà. Ní gúúsù Kwara lónìí, àwọn ọdẹ ló ń wọ igbó ṣọ́ ìlú, ẹni tó ní ẹnu méjì sì ń ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ju ẹni tó ní ẹnu kan lọ. Ṣùgbọ́n ìbọn tó bá bú lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ìlú ti ṣe ìlú ní ìpalára kí ọ̀tá tó dé. Ó gbọ́ ọ. Bàbá yọ irin tó ń gún ojú kàtíríìjì lápá òsì, ó dí ihò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé apá náà kò gbọ́dọ̀ yìn mọ́.

Lórí ọ̀tún, a wọn ilé kàtíríìjì: 65 mìlímítà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn kàtíríìjì tí wọ́n ń tà lónìí, 70 ni. Ó máa ń wọ ibẹ̀ láìsí wàhálà, ìdí nìyẹn tó fi ń tan ènìyàn jẹ. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ti ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣí lẹ́yìn ìyìn ni. Bó bá yìn, ẹnu yẹn á ṣí sínú ibi tí ọ̀pá ti ń fún wá, á dí ọ̀nà ọta, agbára inú á sì ga ju ohun tí irin àtijọ́ lè gbà. Ti 65 ni kó máa wá, tó rọrùn, ti ètù dúdú sì dára jù.

Àwọ̀ dúdú

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyí, ìgbà òjò sì bọ́ sí i gẹ́gẹ́. Ọ̀nà yíyára wà tí wọ́n fi ń pa irin ní dúdú, nínú omi sódà líle, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, tó gbóná. Ìbọn ẹnu kan lè wọ inú rẹ̀. Ẹlẹ́nu méjì kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn, torí sódà yẹn á jẹ òjé abẹ́ irin àárín títí gbogbo rẹ̀ á fi tú. Ìpẹtà ni wọ́n fi ń ṣe tiwa.

Bàbá fọ ọ̀pá títí ọ̀rá kankan kò fi kù lára rẹ̀, ó sì dí ẹnu àti ìdí méjèèjì pẹ̀lú igi. Láti ìgbà náà kò fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́; òógùn ìka máa ń yọ lẹ́yìn bí àbàwọ́n. Ó fi àkísà tó tutù díẹ̀ pẹ̀lú ásíìdì nu ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìpadà sẹ́yìn. Ó gbé e kọ́ sínú àpótí pẹ̀lú àpò tí wọ́n rẹ sínú omi. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń pẹ́ kó tó dípẹtà, ó sì máa ń gbẹ ní ojú-ojú. Nígbà òjò Ìlọrin, ara ọ̀pá ti pọ́n yíká nígbà tí a fi máa wò ó: ìpẹtà wẹ́wẹ́, rírọ̀, tó dọ́gba.

Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀pá sínú ọpọ́n irin gígùn tó kún fún omi tó ń hó. Omi òjò ló lò. Omi bóhòòlù ní nǹkan nínú tó máa ń fi funfun sílẹ̀ lára irin. Mo dúró tì í. Pupa náà kọ́kọ́ ṣú bí ó ṣe wọ inú omi, ó di bí ilẹ̀ pupa tí òjò rọ̀ sí, ó wá di elésè àlùkò, kó tó di dúdú pátápátá. Ìpẹtà pupa náà ló yí padà sí irú ìpẹtà dúdú tí kì í jẹ irin mọ́, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bó ṣe gbé e jáde tó gbẹ fúnra rẹ̀ nínú ooru ara rẹ̀, ó fi irun irin tó ti fọ ọ̀rá inú rẹ̀ kúrò rọra nu èyí tó wà lókè bí ìyẹ̀fun. Ohun tó kù lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ èérú. Ó tún fi ásíìdì nù ún, ó tún gbé e kọ́, ó tún sè é. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é sí i ni dúdú náà ń jìn sí i, títí ó fi di àwọ̀ tí fọ́tò kò lè gbé.

Nígbà tó tó, ó fi omi tí sódà búrẹ́dì díẹ̀ wà nínú rẹ̀ fọ̀ ọ́ kí ásíìdì lè kú, ó sì fi ọ́ìlì pa á kó tó gbóná tán. Ibi tí ọ̀pá ọ̀tún ti tẹ̀ kò hàn mọ́. Ibi tí fáìlì ti kan òsì hàn díẹ̀ bí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bàbá kò gbìyànjú láti bò ó, ó ní kó hàn kí ẹni tó bá máa ní i lẹ́yìn náà lè mọ̀.

Ìgbà tí ìbọn pé tán, bàbá dè é mọ́ táyà tó fi àpò iyanrìn tì níbi tí wọ́n gbà á láyè, ó fi okùn gígùn fà á láti ẹ̀yìn ògiri, kàtíríìjì ètù dúdú ni, ọ̀tún nìkan. Mo wọn ọ̀pá náà ṣáájú, mo sì tún wọn ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Kò sún.

Ẹ̀gbọ́n ti gbé e lọ sí Òmù-Àrán. Bàbá kọ́ ọ láti máa ṣí ìbọn kó wo inú rẹ̀ kó tó ki kàtíríìjì bọ̀ ọ́, lójúmọmọ tàbí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó má fi àkísà dí ẹnu rẹ̀, kó sì máa fi ọ́ìlì pa á bó bá ti òjò dé. Igi ìdí rẹ̀ ṣì ní ìlà kan níbi ọrùn, nísàlẹ̀ òòlù. Ìyẹn kò lè gba gúlúù nísinsìnyí torí òróró ti mu ún. A máa yọ òróró yẹn, á gbẹ nígbà ọyẹ́, kí bàbá tó kàn án.